Góòlù Lórí Koríko Ìyá Pápá

Ìyá Pápá là ń pe obìnrin tó ń tọ́jú koríko pápá ìṣeré wa. Tẹ́lẹ̀, pápá náà pá bí orí bàbá àgbà, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa fi ń gba àlejò rẹ̀ nílé onílé, lókè òkun. Obìnrin yìí bomi rin ín títí ó fi dúdú minimini, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó bí pàápàá fẹsẹ̀ kàn án.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbà láti wá gbá bọ́ọ̀lù nílé, wọ́n ní bí koríko bá fi lè tu lábẹ́ bàtà, àwọn á padà sókè òkun.

Ọjọ́ pé. Ọmọ wa kan nínú ẹgbẹ́ náà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó sì fi orúnkún méjèèjì wọ́ lórí koríko. Gbogbo èèyàn ń fò sókè, Ìyá Pápá figbe ta: "Ìwọ ọmọ yìí, dìde níbẹ̀!"

Ọkọ rẹ̀ fà á láṣọ. "Ìyá àwọn ọmọ, góòlù mà ni!"

"Mo rí i, Bàbá wọn. Ṣé orúnkún ló fi gbá a ni?"

Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú ibi tí ọmọ náà ti fi orúnkún wọ́. Koríko tẹ̀, kò tu. Ó ní, "Màmá, ibí la ó ti máa gbá bọ́ọ̀lù."

Ìyá Pápá gbé ọrùn sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. "Ẹ káàbọ̀ sílé. Ẹ ṣá bá mi sọ fún ọmọ yẹn, kó máa yọ ayọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró."