Pẹ́dà Máfọwọ́kàn

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí nípa olóògbé Máfọwọ́kàn ni ọjọ́ tí jìtá ọmọ rẹ̀ ròyìn bọ́ọ̀lù. Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ta jìtá nínú ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́ta, fẹ́ lo pẹ́dà tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún un, ìyẹn àpótí kékeré tí oníjìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn jìtá lè há, kó sì máa kùn. Atúnrédíòṣe ni bàbá náà, kì í sì í gé wáyà kúkúrú. Ó ní wáyà kì í ṣe irun, tí wọ́n bá gé e, kì í hù mọ́. Ló bá ká wáyà gbọọrọ jọ sínú pẹ́dà, wáyà sì di ohun tó ń mú rédíò. Bí ọmọ ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohùn oníròyìn bọ́ọ̀lù ló bú jáde pé wọ́n ti gbá a sáwọ̀n. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Máfọwọ́kàn tẹrí ba fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Títí ó fi kú, ó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni wọ́n ń yìn.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gé wáyà náà, àmọ́ nígbà tó gé e, áà, pẹ́dà yẹn ní ohùn! Kò sí èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà tó ń kùn bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyí, ní ọ̀sán Sátidé, pẹ́dà náà wà lórí tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́, kò sì fọhùn. Aago mẹ́rin ni ẹgbẹ́ wọn fẹ́ wọ sítúdíò lọ gba orin tí ọmọ náà kọ fún bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Onílù wọn ti ní kó má dara ẹ̀ láàmú, pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà oní-sítúdíò.

Ó dá a lóhùn pé, "Orin bàbá mi ni. Ohùn tí bàbá mi ṣe ni mo fẹ́ nínú ẹ̀."

Onílù ní òun ti gbọ́, pé pẹ́dà ló kù kó gbọ́.

Láti ọjọ́ Túsìdeè lọmọ náà ti ń bá pẹ́dà fà á. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe lòun ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, á tún jókòó ti èyí. Ó ti pààrọ̀ bátìrì, ó ti fi òjé tún ojú ibi tí wọ́n ń tẹ̀ jó, ó ti fi mítà tó ń wọn iná yẹ okùn jìtá wò, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ń ta á. Ká sọ tòótọ́, bàbá náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kì í kúkú ṣe lásán ni wọ́n ń pè é ní Máfọwọ́kàn. Òun nìkan ló ń ki okùn bọ̀ ọ́, òun nìkan ló ń yọ ọ́. Kò kọ nǹkan kan sí i lára, ibi tí ohùn ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde, òfìfo ni. Ó ní ẹni tó bá kọ ọ́ ti júwe ọ̀nà fólè. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé olè wo. Ó ní olè tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n mọ òun.

Agolo bisikíìtì ìyàwó yìí náà ló fi ṣe é, èyí tó ń kó abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì sí. Ìgbà tí ìyàwó máa rí i, ó ti lu ihò sí i lọ́tùn-ún lósì, ó ti kùn ún ní dúdú. Ó ní kó má bínú, pé ìyàwó náà ti lọ́wọ́ sí iṣẹ́ ọ̀hún nìyẹn. Inú bàtà tí ìyàwó fi ń jáde ló da àwọn abẹ́rẹ́ sí, ó sì gbàgbé láti sọ. Ìyàwó kò gbàgbé ní tiẹ̀.

Nígbà tó parí gbogbo rẹ̀, ó yọ́ àbẹ́là sínú agolo kí ẹnì kankan má baà wo iṣẹ́ òun kọ. Àbẹ́là yìí lọmọ ń họ láti ìjẹta. Abẹ́ rẹ̀ ló ti bá wáyà, dúdú ni gbogbo wọn, wọ́n lọ́ mọ́ra. Bàbá ní wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi máa ń tan èèyàn jẹ.

Kódà ní ọsibítù kò yéé ṣiṣẹ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì wo wáyà ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, pé wọn ò dè é dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá sinmi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n tú u, wáyà ló já lóòótọ́. Inú bàbá dùn débi pé ó jẹun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ mìíràn wà. Lọ́jọ́ kẹta ni bàbá náà dákẹ́.

Nígbà tí aago méjì kọjá, ọmọ náà gbé irin tó fi ń jó òjé sílẹ̀. Inú ń bí i sí bàbá rẹ̀, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ń ká.

Ọmọ ní, "Màmá, ó ti sú mi. Mo fẹ́ sọ fún wọn kí wọ́n lo ti kọ̀ǹpútà."

Ìyá kò mọ wáyà yàtọ̀ sí okùn ìsáṣọ, àmọ́ ó mọ agolo rẹ̀. Ó wò ó, ó tún wò ó.

"Igun tó tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ni agolo ti já bọ́ lọ́jọ́ kan. Kì í kọjú sọ́dọ̀ ẹ. Ọ̀dọ̀ bàbá ẹ ló máa ń wà."

Ọmọ ní bàbá kì í ta jìtá, kí ló fẹ́ kọjú sọ́dọ̀ rẹ̀?

"Ṣebí iwájú ẹ ló máa ń jókòó sí nílẹ̀, tá á gbé e sáàárín yín."

Ọmọ mọ̀ pé iwájú òun ló máa ń jókòó sí. Ó rò pé bàbá ń ṣọ́ pẹ́dà ni.

"Ṣíṣọ́ kẹ̀? Ojú ẹ ló ń wò. Mo ní kí ló dé tí kò dúró sẹ́yìn bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó ní tóun bá wà lẹ́yìn, òun ò ní rí i bí inú ẹ ṣe ń dùn."

Ọmọ fa pẹ́dà mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún oníjìtá ni okùn jìtá ti ń wọ gbogbo pẹ́dà tó wà láyé, ibẹ̀ náà ló sì ń ki tiẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ Túsìdeè. Àmọ́ iwájú rẹ̀ tí bàbá jókòó sí ló ti wọn èyí, igun tó tẹ̀ wà lọ́dọ̀ bàbá; ọmọ ti wá yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ti di òsì. Kò sí ohun tó ṣe pẹ́dà. Ó gbé e sílẹ̀, ó yí igun tó tẹ̀ síwájú, ó ki okùn bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ kan jìtá.

Ó kùn. Ife tó wà lórí tábìlì ń gbọ̀n, ìyá fi aṣọ bo etí, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣíwọ́, ó ń wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ṣófo níwájú rẹ̀.

Ìyá gbé aṣọ sílẹ̀. Ó fa àga wá síbẹ̀, ó rọra jókòó.

Ó ní, "Orúnkún mi ò lè jókòó sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mo ń wò ẹ́. Máa ta á lọ."