Ọ̀rọ̀ Méjìlá Lẹ́yìn Táìlì

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe ní Ìkàtè nígbà tí ìyàwó mi kó owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi pé kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Ọdún méjì ló fi kó o jọ o! Èmi wá rí i pé ojoojúmọ́ ni náírà ń rù, mo bá fi ra kírípítò, owó orí fóònù, irú èyí tó ń bá dọ́là rìn.

Púlọ́ńbà kan níbi iṣẹ́ wa ló kọ́ mi. "Wá ẹni tó ń tà á lówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n wo iye èèyàn tó ti bá a ṣòwò tí inú wọn dùn. Tí orúkọ tó wà ní báńkì bá yàtọ̀ sí tiẹ̀, sá!" Mo rà á, kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Fóònù wá gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó méjìlá jáde. Púlọ́ńbà ní kọ́kọ́rọ́ owó nìyẹn tí fóònù bá bàjẹ́, kí n má kọ ọ́ sínú fóònù rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni oní-táìlì ń kọ nǹkan sí? Ara ògiri tí a ń ha ìwọ̀n sí náà ni. Mo fi ìṣó ha gbogbo ẹ̀ sára ògiri balùwẹ̀ tí mò ń ṣe, pé tó bá dìrọ̀lẹ́ màá dà á kọ sínú ìwé. Ọ̀gá pariwo pé ká yára. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ táìlì bò ó, mo tún ń súfèé!

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù mi bọ́ sínú korobá omi, ó kú. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ògiri. Mo gbé o!

Mo yá fóònù ìyàwó mi, mo sáré gba màrosẹ̀ lọ sí ilé náà ní Ìkàtè. Ìyá onílé ti kó wọlé. "Ẹ kú ilé mà, táìlì yín mẹ́ta ò lẹ̀ dáadáa, mo fẹ́ bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n ní, "Irú òṣìṣẹ́ báyìí ṣì wà l'Ékòó?" Wọ́n gbé mínírà tútù fún mi. Ojú tì mí gan-an.

Mo fọ́ táìlì. Ọ̀rọ̀ náà pé! Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ìyàwó mi, owó yọjú, mo sunkún nínú balùwẹ̀ onílé. Mo lẹ táìlì mìíràn, mo lọ.

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́. Ìyàwó mi ò pariwo. Ó gba fóònù ẹ̀, ó ní kí púlọ́ńbà kọ́ òun, ó ṣí àpò owó tuntun sórí ẹ̀, ó kó owó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjìlá mìíràn jáde.

Mo ní, "Ibo lo kọ ọ́ sí?"

Ó ní, "Kí n sọ fún ẹ̀yin kẹ̀? Dádì, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín."