Ẹ́ńjìnnì tí Ìyá Mi Fi Gba Sólà

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń ṣe kóríyá fún iná sólà. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe kóríyá fún. Kì í ṣe ìyá mi.

Gààrí ni ìyá mi ń ṣe ní Fìdítì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ló rán mi níléèwé. Nígbà tí àwọn ọ̀gá tó ń rí sí iṣẹ́ sólà dé, wọ́n ní àwọn máa fún àwọn tó ń ṣe gààrí ní ẹ̀rọ oníná lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, torí èéfín. Ìyá mi ní, "Ọ̀gá, tí ojú ọ̀run bá ṣú ńkọ́?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Oòrùn kì í wọ́n ní Fìdítì."

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn dùn, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rọ náà kì í pariwo, ìyá mi sì ń tọrọ àlùbáríkà fún ìjọba lẹ́yìn ìrun.

Ìgbà tí òjò dé lojú wa là. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de èèyàn; tí wọ́n bá ti hú u, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè lọ̀ ọ́ kó tó bàjẹ́. Ojú ọjọ́ á ṣú láti àárọ̀, ẹ̀rọ á máa fà, á sì dákẹ́. Kò sí bátìrì tó lè gba iná dúró. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní iye sólà tí kọ́ńtíráátọ̀ bá tò sílẹ̀ nìjọba fi ń sanwó fún un, wọn kì í wo iye iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ lò ó. Ta ló wá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra bátìrì? Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń kí mi káàárọ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí Ìlọrà, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò jọ̀wọ́ ẹ́ńjìnnì tiẹ̀. Obìnrin náà á kọ́kọ́ lọ tiẹ̀ tán, tìyá mi á sì ti máa rùn. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, ìyá mi ti fi iṣẹ́ gààrí sílẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń jókòó sójú kan láti àárọ̀, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí.

Ẹ̀ẹ̀rùn padà, oòrùn sì ràn bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Àwọn ọ̀gá wá ya fọ́tò. Wọ́n ní kí ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kó tàn án, kó sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀gẹ́ kankan nílẹ̀. Ó tàn án. Ẹ̀rọ ń yí, kò sóhun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ yà á dáadáa. Afẹ́fẹ́ ló ń lọ̀."

Wọ́n yà á. Wọ́n ní ó dára gan-an, pé kó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i.