Oorun Aago Méjì

Màmá Aláyọ́ọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń lọ aṣọ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan: aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, aṣọ àwọn tí kò ní dìde mọ́. Áyọ́ọ̀nù ti jó o lápá lọ́tùn-ún lósì, àpá rẹ̀ ò sì ṣeé kà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pọ́n èèyàn lé. Ohun tó bá ti wá sí i lẹ́nu ló ń sọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin ni, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkùnrin yìí fẹ́ aránṣọ kan, wọ́n sì bí ọmọbìnrin. Láti ìgbà náà ni Màmá Aláyọ́ọ̀nù ti ń rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Bó bá ti ṣíwọ́ ní aago kan, ó di inú bọ́ọ̀sì. Aago méjì ló máa ń dé ilé ọmọ rẹ̀, aago mẹ́rin ni yóò sì kúrò níbẹ̀, kó má baà pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Wákàtí méjì péré lójúmọ́. Ọmọ ọ̀hún, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, aago méjìlá ló máa ń sùn. Tí Màmá bá fi máa dé, ó ti jí, ó ti jẹun, ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a.

Lọ́jọ́ kan, Màmá dé, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ìka sẹ́nu.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ rọra o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

"Ní aago méjì? Ṣé kò sí o? Ṣé ara rẹ̀ gbóná ni?"

"Ara rẹ̀ le koko. À ń tún àsìkò oorun rẹ̀ ṣe ni. Nọ́ọ̀sì ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

Màmá jókòó. Ìyàwó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo gìrìgìrì, ọmọ ò jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó wò ó bí ẹni tó fọ́ àwo. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Màmá dìde. Kò tíì dé ibùdókọ̀ tó fi gbọ́ ohùn ọmọ tó jí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún odindi oṣù méjì. Ó ń wá, ó ń jókòó, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá, ó ń lọ.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé ìwòsàn bàjẹ́, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé láàárọ̀ yẹn. Aago méjìlá ààbọ̀ ni Màmá dé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ó sì yọjú.

Ọmọ náà wà láàárín àjákù aṣọ, ojú rẹ̀ ń pàdé. Ìyá rẹ̀ ki tówẹ́lì bọ omi tútù, ó fi nù ún lójú. Ọmọ náà sunkún, ẹkún tí kò lágbára nínú. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lábẹ́ abíyá, ó gbé e nàró. Orúnkún ọmọ yẹ̀, ó fìdí jókòó.

"Dìde! O ò gbọdọ̀ sùn. Ìyá bàbá ẹ ò tíì dé. Tó bá ti wọlé báyìí, kó o máa sùn lọ."

Màmá ò kan ilẹ̀kùn. Ó lọ sí ìkòríta, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé o mọ̀ sí i?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀!"

"Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ lẹ́bàá ibùsùn ìyàwó mi lọ́jọ́ tó bímọ."

Ó rántí. Ó gbé ọmọ tuntun sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Èyí ò mà jọ ẹnikẹ́ni nílé wa o. Ta ló ni ín?" Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìyá ọlọ́mọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Àwàdà ni mo ṣe."

"Ṣé àwàdà ni lóòótọ́, Màmá?"

Màmá pa fóònù. Lọ́jọ́ ìbímọ yẹn, ó ti fi ọwọ́ ka oṣù oyún lábẹ́ ìborùn rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Aago méjì, ó wọlé. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílé ìwòsàn, kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi. Foríjì mí."

Ìyàwó fi eyín já òwú. "Ẹ dìde, Màmá. Ṣebí àwàdà ni? Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín."

Ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Màmá bẹ ọ̀gá rẹ̀ títí tó fi gbà kó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sàn-án. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án, ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ò sùn, ó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà wo ọwọ́ alápàá yẹn, ó figbe ta bí ẹni tó rí abẹ́rẹ́, ó sá sábẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ìyàwó sọ, ohùn rẹ̀ tutù. "Kì í fẹ́ àlejò."

Kí ọdún tó parí, wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, kì í sùn lọ́sàn-án mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ Màmá kẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàsán, mà," bí wọ́n ṣe ń kí obìnrin tó ń kọjá lọ ní títì. Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Màmá ní kó dìde, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò mu omi.