Gìtá Tí Bàbá Mi Bá Mi Yàn

Bàbá mi ò fẹ́ràn gìtá rárá. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ilé olórin ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ òfì là ń hun nílé wa ní Ìsẹ́yìn, láti ayé bàbá tó bí bàbá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti bá tiwọn lọ sílùú ńlá, èmi nìkan ló kù tí mo mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Bí èmi náà bá kúrò nídìí òfì, ó parí nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀, a kàn panu mọ́ ni.

Àmọ́ gìtá ti wọ̀ mí lára. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ló fi tirẹ̀ kọ́ mi, kí ìjọba tó gbé e kúrò nílùú wa. Nígbà tó lọ, mo wá ń rìn káàkiri bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò ríbi bà sí. Olórin kan ní Ìbàdàn sì ti sọ fún mi pé bí mo bá ti ní gìtá tèmi, kí n máa bọ̀.

Mo gbọ́ pé ẹnìkan ń ta gìtá tòkunbọ̀ ní Ṣakí. Mo sọ fún bàbá mi, mo sì ń retí ariwo.

Wọ́n ní, “Wọ́n á rẹ́ ọ jẹ. Jẹ́ ká jọ lọ.”

Bí a ṣe kírun àsùbáà tán, a wọkọ̀. Rédíò àlòkù àti ẹ̀rọ ìránṣọ ló kún ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, gìtá méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan pupa, ó ń dán yinrin. Èkejì ní àpá láyà bí ẹni tó bá ológbò jà. Ṣé ẹ ṣì máa bi mí èyí tí mo nawọ́ sí?

Bàbá mi gba pupa náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e sójú, wọ́n di ojú kan, wọ́n sì fi èkejì wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí. Bí wọ́n ṣe máa ń wo òwú tí a bá nà sílẹ̀ gbọọrọ lágbàlá nìyẹn, tí òkúta ń fà á lọ́hùn-ún, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Wọ́n fi ìka ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀.”

“Bàbá, ẹ wo bó ṣe ń dán!” ni ọlọ́jà dá wọn lóhùn.

“Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ìwọ náà di ojú kan, kóo wò ó.”

Ọlọ́jà gbà á, ó wò ó, ó sì gbé e padà síbi tó wà.

Wọ́n gbé alápàá. Ọrùn tirẹ̀ gún régé. Wọ́n ní kí n lù ú, mo lù ú, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó lọ. “Èyí ni kóo gbé,” ni wọ́n wí. Inú bí mi. Títí ọkọ̀ wa fi kọjá Ìlúà ni mo dijú bí ẹni tó sùn.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Ewúrẹ́ ló ń sùn nídìí òfì wọn báyìí. Àárò wọn ń sọ mí, àti ti ìró òfì náà láàárọ̀, tó máa ń bí mi nínú nígbà náà.

Mo ti lò tó oṣù mélòó kan ní Ìbàdàn kí n tó bá gìtá tọ́rùn rẹ̀ tẹ̀ pàdé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo lù ú. Okùn rẹ̀ ga, ó ń gé mi níka, ohùn rẹ̀ ò sì ṣọ̀kan bó ti wù kí n tún un ṣe tó. Ẹni tó ni ín ti ń múra àtipadà sílé, ó ní orin ò sí lọ́wọ́ òun. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo sunkún. Ká ní bàbá mi dákẹ́ ní Ṣakí lọ́jọ́ náà ni, pupa yẹn ni ǹ bá rà, kò sì ní pẹ́ tí ǹ bá fi padà wá jókòó tì wọ́n nídìí òfì. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sì dákẹ́.