Okùn Orí Àjà

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, kò sí ohun tí ọkọ mi ń retí bí ọjọ́ tí ìgbì òkun bá rọlẹ̀. Ìlọrin là ń gbé, níbi tí ènìyàn lè darúgbó kó má fojú kan òkun. Ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó rí, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja lórí òkun fún fàájì lásán. Ọkọ̀ wọn kì í jáde lásìkò òjò. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n á kọ lẹ́tà pé Sátidé báyìí lọkọ̀ máa kọ́kọ́ jáde.

Láti oṣù keje ló ti ń retí lẹ́tà yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, á dúró sí àgbàlá, á máa fi ọ̀pá ìpẹja àtijọ́ kan ju òjé tí wọ́n ń so mọ́ okùn ìwọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbẹ. Ìyàwó onílé wa á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó, á sì bi mí pé:

"Ìyàwó, ẹja mélòó ni bàbá pa lónìí?"

"Ẹ bi wọ́n, Àlájà."

"Ẹ ní kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má fi ìwọ̀ kọ́ adìyẹ mi."

Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣèlérí pé ẹnì kan ni òun lè mú dání lọ́jọ́ náà, èmi sì ni. N kò rí òkun rí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ra bàtà rọ́bà ní Ọjà-Ọba, mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Okùn ìwọ̀ náílọ́nù tó wà fún òkun gan-an, kì í fọwọ́ kàn án kó tó di ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ló ní ká gbé e sórí àjà ilé ìdáná, lókè iná igi, níbi tí mò ń kó irúgbìn àgbàdo sí kí eku àti kòkòrò má baà jẹ ẹ́. "Ibẹ̀ ni bàbá mi ń kó ohun tó bá fẹ́ kó pẹ́ sí," ni ìyá wí. Ọkọ mi gbà.

Lọ́jọ́ kan mo gun àpótí láti mú àgbàdo. Mo gé díẹ̀ lára okùn náà láti fi di ẹnu àpò. Bí mo ṣe fà á le, ó já. Mo gé òmíràn, ìyẹn náà já. Ooru iná ti bà á jẹ́. Mo ní bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá sọ fún un kó ra òmíràn.

Ó dé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ó kà á fún ìyá rẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Ó wá ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ lòun máa mú lọ.

"Èmi ńkọ́?"

"Obìnrin a máa bì lórí omi."

"Ẹ ti rí mi kí n bì lórí omi rí?"

Ìyá rẹ̀ dá sí i. "Kí lo fẹ́ lọ wò? Omi iyọ̀? Bu iyọ̀ sínú omi kànga, ìyàwó mi, kó o máa wò ó."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo gbé oúnjẹ wá. Nígbà tó jẹun tán, ó ní kí n bá òun gbé okùn wá. Mo nu eérú ara rẹ̀ nù dáadáa, mo fi aṣọ wé e, mo kúnlẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló padà, láti ibi iṣẹ́. Ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀, okùn sì já. Ó tún un so, ó tún já. Ọ̀gá rẹ̀ yá okùn ẹlòmíràn, ó pa mẹ́ta, ó sì ti ń sọ ìtàn náà káàkiri ọ́fíìsì.

"Okùn burúkú ni wọ́n tà fún mi," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni mo wí.

Ó ra tuntun, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Mo bi í níbi tó fẹ́ kí n gbé e sí, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo yan ibẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpè. "Orí àjà ni. Ibo là ń gbé e sí tẹ́lẹ̀?"

Mo gun àpótí, mo gbé e síbẹ̀. Bàtà rọ́bà mi ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti sọ ọ́ di bàtà ilé ìdáná.