Igbe Tí Mo Gbà Sílẹ̀ Lẹ́nu Màmá

Iṣẹ́ ìró ni mo ń ṣe nílé iṣẹ́ géèmù kékeré kan ní Okokomaiko. Àwa mẹ́rin péré la wà nínú fúláàtì tí a fi ṣe ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá wa ló ń kọ kóòdù, ẹnì kan ń ya àwòrán, ẹnì kan sì ń gbá géèmù náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó lè rí àṣìṣe inú rẹ̀. Èmi ni mo ń fi ìró sí i: ẹsẹ̀ lórí òkúta, ilẹ̀kùn tí wọ́n já, ọ̀bẹ tó wọ ara èèyàn, tó jẹ́ pé ìbẹ́pẹ ni mo ń gún.

Géèmù ogun ni. Ó ku igbe ìyá kan tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ lójú ẹ̀. Mo lọ bẹ màmá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Ìbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì, nítorí àwọn ló máa ń ṣe ìyá nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n wá, a pa fáànù, a ti fèrèsé. Màmá ké lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá mi mirí.

"Eré ṣọ́ọ̀ṣì lèyí," ló wí, lójú wọn.

Mo mọ ohun tí ọ̀gá mi ò mọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí ni mọ́tò pa lójú títì Badagry lọ́dún tó ṣáájú. Mo wà lára àwọn tó dì wọ́n mú lọ́jọ́ náà.

Mo sún mọ́ wọn. "Màmá, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi ìyẹn ké e."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

Wọ́n di ojú. Nígbà tí igbe náà jáde, ẹni tó ń yàwòrán dìde, ó bọ́ síta. Èmi jókòó síbi tí mo wà. Mo rọra ń yí bọ́tìnnì kí ohùn wọn má baà fọ́ nínú ẹ̀rọ.

Bí wọ́n ti ń nu ojú ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe.

"Kí ló tún dé?"

"Ọkadà kan fọn fèrè níta, Màmá. Ó wọ inú ẹ̀."

Ọkadà fọn fèrè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo lè fi kọ̀ǹpútà yọ ọ́, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo kàn fẹ́ ní méjì lọ́wọ́ ni. Màmá tún un ṣe. Èkejì ò dáa tó ti àkọ́kọ́; ohùn wọn ti há. Mo ti pa á rẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tán.

Ẹni tó ń gbá géèmù wò máa ń tẹ ibi igbe náà léraléra, á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rín in.

Lẹ́yìn tí géèmù jáde, mo pàdé Màmá ní Ìyànà Ìbà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ni wọ́n sọ fún mi, èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, ilé iṣẹ́ géèmù ńlá kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn oníṣẹ́ ìró níbẹ̀ gbọ́ igbe náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí bí mo ṣe rí i gbà.

"Ibi tí mo gbé máíkì sí ni," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.